Ọkùnrin Tó Fẹ́ Kọ́ Afárá Lórin

Àwọn kan wà tí Ọlọ́run fún ní etí kí wọ́n lè máa fi gbọ́ràn. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé etí gan-an ni wọ́n fi ń fọ́nnu. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, ọmọ ẹgbẹ́ kejì ni. Etí-Wúrà ni orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà tó dúró títí tí kò rí ẹni tó máa bá a sọ ọ́. Olórí ẹgbẹ́ akọrin ni. Ó ní bí ogójì ènìyàn bá ń kọrin pọ̀, tí ẹyọ kan ṣoṣo bá ṣi ohùn, òun á mọ ẹni náà, òun á mọ eyín tí ohùn náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, òun á sì mọ ohun tí onítọ̀hún jẹ láàárọ̀. Bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú láti parí rẹ̀. Ó ti gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ yín ṣáájú ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sọ ọ́.

Irú etí bẹ́ẹ̀, ṣé ó yẹ kó máa wáṣẹ́ kiri? Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní kò yẹ. Ọkọ ẹ̀gbọ́n yìí ni olórí àjọ tó ń mójú tó ọ̀nà àti afárá ìlú. Nígbà tí àyè alábòójútó afárá ẹlẹ́sẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, àna rẹ̀ ló wò. Ẹni tó ti fi ọdún méjìlá yí nọ́ọ̀tì lórí afárá náà wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé rẹ̀ náà wà níta, ìwé ẹ̀rí lábíyá, bàtà wọn ti jẹ tán lẹ́nu wíwá iṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kì í wá ẹni tó mọ̀ ọ́n; ẹni tó mọ ẹni tó ń pín in ló máa ń wá. Wọ́n fi Etí-Wúrà ṣe adelé fún oṣù mẹ́ta. Bí oṣù mẹ́ta bá pé, àjọ á wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn á fún un ní ìwé pé iṣẹ́ ti di tirẹ̀ títí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì.

Ìwé yẹn ló ń lá lójú àlá. Pátákó kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tí wọ́n kọ ADELÉ ALÁBÒÓJÚTÓ sí. Ọ̀dà ló fi kọ ALÁBÒÓJÚTÓ. Ṣọ́ọ̀kì ló fi kọ ADELÉ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo afárá náà dáadáa, torí òun gan-an ni wọ́n fìyà jẹ. Odò ló dá kọjá. Ilé gbígbé wà ní apá kan. Ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́ aṣọ wà ní apá kejì. Afárá yìí kò ní ẹsẹ̀ kankan nínú omi. Òpó irin kan ṣoṣo ló ní, etí bèbè ló dúró sí, ó ga bí ilé alájà mẹ́wàá. Láti orí òpó yìí ni okùn irin mẹ́rìndínlógún ti sọ̀ kalẹ̀, mẹ́jọ sí ọ̀tún, mẹ́jọ sí òsì, wọ́n gbá etí afárá mú bí ẹni fi okùn gbé àtẹ dání. Àwọn mìíràn sì fa òpó sẹ́yìn kó má baà dojú bolẹ̀. Àwọn okùn tó sún mọ́ òpó kúrú, àwọn tó jìnnà gùn. Okùn kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ẹrù tirẹ̀, bó ṣe gbọ́dọ̀ le tó sì wà nínú ìwé. Rọ́bà dúdú wọ̀ wọ́n lára bí ìbọ̀sẹ̀, kí òjò má baà kan irin. Nísàlẹ̀, níbi tí okùn ti wọ inú afárá, nọ́ọ̀tì kan wà níbẹ̀ tó tóbi tó orí ọmọ ọwọ́. Òun ni wọ́n ń yí bí okùn bá nílò fífà tàbí dídẹ̀.

Ẹni tó mọ àwọn nọ́ọ̀tì yìí bí ẹni mọ ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni obìnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Sípánà. Ọjọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ afárá náà ló ti wà níbẹ̀. Òun ló yẹ kó jókòó sórí àga Etí-Wúrà, òun náà ló sì mú un yí ká lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́. Ó fi hàn án pé ihò tí omi òjò ń gbà jáde lójú afárá ti dí. Etí-Wúrà ní òun ti gbọ́. Ó fi hàn án pé rọ́bà okùn keje lápá òsì ti sán, pé omi pupa ń kán láti ìdí rẹ̀, pé irin tó wà nínú ti ń dípẹtà nìyẹn, kí wọ́n tètè ránṣẹ́ pe àwọn tó máa pààrọ̀ rẹ̀. Kò tíì dé orí “pààrọ̀” tí ọ̀gá fi tún gbọ́.

Lẹ́yìn náà, obìnrin yìí mú òòlù onírọ́bà jáde, ó gbá okùn kan, ó sì fi ẹ̀rọ kékeré kan tó dà bí ọṣẹ ìfọṣọ lé e lára. Ẹ̀rọ yìí ló ń ka iye ìgbà tí okùn gbọ̀n. Bí okùn bá le, á gbọ̀n kíákíá. Bí ó bá dẹ̀, á máa fà. Iye yẹn ni Ìyá Sípánà ń kọ sínú ìwé.

Okùn náà dún. Gbìn-ìn-ìn.

Etí-Wúrà dúró gbagidi. Ó ní kó gbá èyí tó tẹ̀ lé e. Gbọ̀n-ọ̀n-ọ̀n. Ó gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá wọn lọ láti èyí tó kúrú jù dé èyí tó gùn jù, ojú rẹ̀ ń tàn bí ojú ẹni tó pàdé ẹbí rẹ̀ ní ìlú òkèèrè.

“Ìyá Sípánà, ta ló kọ́ afárá yìí?”

“Àwọn ẹnjiníà ni, ọ̀gá.”

“Irọ́ ni wọ́n pa fún yín. Akọrin ló kọ́ ọ.”

Ó ṣàlàyé fún un pé àwọn okùn kúkúrú wọ̀nyí ni ohùn òkè, àwọn gígùn wọ̀nyẹn ni ohùn ìsàlẹ̀, pé ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n tò sójú ọ̀nà láti ọdún méjìlá tí ẹnikẹ́ni kò sì tún ohùn wọn ṣe. Ó ní okùn kẹta ọ̀tún àti ẹnìkejì rẹ̀ lápá òsì ń pariwo mọ́ ara wọn bí ìyàwó àti ìyá ọkọ. Ó ní okùn keje òsì kò tilẹ̀ dún rárá, bí ẹni gbá àpò ìrẹsì ni.

“Ọ̀gá, ẹrù tó gbé ni ohùn yẹn ń sọ,” ni Ìyá Sípánà wí. “Wọn kì í gbé ẹrù kan náà, wọn ò lè ní ohùn tó máa dùn pọ̀. Èyí tó dákẹ́ yẹn ló yẹ kó bà yín lẹ́rù. Okùn tó bá dákẹ́, inú rẹ̀ ti ń já nìyẹn o.”

Ó ti gbọ́. Ohun tó tún gbọ́ kọjá ìyẹn: lọ́jọ́ tí àjọ bá dé, òun á fi òòlù gbá okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, òun á fi kọ odindi orin fún wọn. Alábòójútó wo ló ṣe irú ẹ̀ rí láyé? Ìwé iṣẹ́ náà á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sórí tábìlì ni. Nígbà tó délé tó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ìyàwó bi í bóyá afárá náà ló bẹ̀ ẹ́ pé òun fẹ́ kọ́ orin. Etí-Wúrà ní obìnrin kò lè mọ̀. Ó ní etí tó ti gbọ́ ogójì ohùn kì í gbọ́ ti mẹ́rìndínlógún kó bẹ̀rù.

Ní ọjọ́ kejì, ó pàṣẹ fún Ìyá Sípánà kó bẹ̀rẹ̀ sí í yí nọ́ọ̀tì. Obìnrin náà ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó fọwọ́ sí i, torí òfin iṣẹ́ wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán yí nọ́ọ̀tì okùn. Ẹlòmíràn á ronú síi. Etí-Wúrà kọ ọ́ tayọ̀tayọ̀, ó kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà, ó sì fi orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ sí ìdí rẹ̀ kí ìtàn má baà gbàgbé. Ìyá Sípánà kà á, ó ká a, ó fi sápò, ó ní òun kò ní í yí i síbẹ̀síbẹ̀. Bí ọ̀gá ṣe lé e sínú yàrá ìkẹ́rùsí nìyẹn, pé kó máa ka nọ́ọ̀tì kéékèèké títí wọ́n á fi ránṣẹ́ pè é. Ọdún méjìlá iṣẹ́, ẹnu ọ̀nà yàrá ìkẹ́rùsí ló bá a já sí. Irú nǹkan báyìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣẹlẹ̀.

Ta ló kù tó máa yí nọ́ọ̀tì? Etí-Wúrà lọ kó àwọn ọlóhùn ìsàlẹ̀ inú ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ wá, ọkùnrin mọ́kànlá, gbogbo wọn láyà bí ilẹ̀kùn. Ó fún wọn ní sípánà gígùn àti jáàkì ńlá. Wọ́n fa okùn kìíní títí ó fi dún “dò” bó ṣe fẹ́. Wọ́n fa ìkejì dé “re.” Inú rẹ̀ dùn débi pé ó jó díẹ̀. Ó padà gbá ìkíní kó lè gbọ́ méjèèjì pọ̀, ìkíní ti kúrò ní dò. Ó ti dẹ̀.

Ó rò pé àwọn ọlóhùn ìsàlẹ̀ ló jẹ́ kó yọ̀. Wọ́n tún un fà. Ìkejì dẹ̀. Wọ́n fa ìkejì, ìkẹta le gan-an láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ti bá ènìyàn mẹ́rin gbé àpótí rí mọ̀ pé bí ẹnìkan bá gbé tirẹ̀ ga ju ti àwọn yòókù lọ, apá á fúyẹ́ fún ẹnìkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n Etí-Wúrà kò gbé àpótí rí, ó máa ń darí àwọn tó ń gbé e ni. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni wọ́n fi lé “dò” kiri lórí afárá bí ẹni ń lé adìẹ nínú ilé. Wọ́n fà á lọ́tùn-ún, ó sá sí òsì. Wọ́n fà á lósì, ó sá sí àárín.

Àwọn tó ń gba orí afárá kọjá ló kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti ń ṣe é. Ọsàn obìnrin kan já bọ́ látinú apẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ yí lọ sápá òsì, ó tò sídìí irin ìdìmú bí ọmọ ilé ìwé. Kẹ̀kẹ́ tí ilé iṣẹ́ aṣọ fi ń ti ẹrù kò dúró de ẹni tó ń tì í mọ́. Láàárín afárá, ilẹ̀ wú sókè bí ẹ̀yìn ológbò tó rí ajá. Ní ìparí rẹ̀ lọ́hùn-ún, irin pẹlẹbẹ tó bo àlàfo àárín afárá àti ilẹ̀ yọ ahọ́n síta, ó sì gba bàtà olùkọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá yá ẹ ó máa mọ àwọn ará àdúgbò náà níbikíbi tí ẹ bá ti rí wọn: ẹsẹ̀ kan ni wọ́n ń tẹ̀ ju èkejì lọ.

Etí-Wúrà dúró sẹ́nu afárá, ó ń fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Ó ní afárá ń nara ni. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kẹrin. Níwọ̀n bí ihò omi ti dí, tí afárá sì ti tẹ̀, gbogbo omi náà kó jọ sápá òsì. Nọ́ọ̀sì kan bi í bóyá kí òun máa mú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ dání wá síbi iṣẹ́. Ó fẹ́ fún un lésì tó gbayì, ó gbé ẹsẹ̀ síwájú bí ọ̀gá, ẹsẹ̀ náà yọ̀ láti ọ̀tún, ó ń lọ, ó ń lọ, inú omi ló ti lọ parí gbólóhùn náà. Nọ́ọ̀sì yìí náà ló fà á dìde.

Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún, orin náà jáde. Kò pé, àmọ́ ó jáde. Okùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbà fún un. Keje òsì nìkan ló ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, Etí-Wúrà sì ti fi ohùn mìíràn rọ́pò rẹ̀. Àgbà akọrin kì í kúkú wà lórí afárá kí ohùn okùn wọ́.

Oṣù mẹ́ta pé, ọjọ́ àyẹ̀wò dé. Àjọ dé: ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ẹ̀wù tuntun, àwọn méjì tó máa ń gbà pẹ̀lú ohunkóhun tó bá sọ, àti ìyá àgbàlagbà kan, ẹnjiníà tí wọ́n pè láti ìta kí ìwé lè pé. Etí-Wúrà wọ funfun látòkè délẹ̀. Ó kó àwọn ọlóhùn ìsàlẹ̀ mọ́kọ̀ọ̀kànlá sáàárín afárá. Ó ní kí àwọn àlejò bọ́ síwájú.

Ìyá ẹnjiníà dúró sórí ilẹ̀, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wo bí ẹ̀yìn afárá ṣe wú. Ó ní kí àwọn yòókù máa lọ, òun á máa gbọ́ ọ láti ibi tí òun wà.

Orin tí àwọn ológun fi ń yan ni Etí-Wúrà yàn, irú èyí tí ẹsẹ̀ kì í gbọ́ kó dúró. Ó gbá okùn àkọ́kọ́. Ó dùn, ká má purọ́. Odò dákẹ́. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, àwọn méjì tó máa ń gbà gbà á. Àwọn ọlóhùn ìsàlẹ̀ gbé e, wọ́n sì ń yan lójú kan, ẹsẹ̀ mọ́kànlá sọ̀kalẹ̀ bí ẹsẹ̀ kan, gbì, gbì, gbì. Afárá náà gbà á. Ó lọ sókè díẹ̀, ó wá sísàlẹ̀ díẹ̀. Etí-Wúrà kọ́kọ́ rò pé orin ló ń gbé òun. Ó lọ sókè síi. Ó wá sísàlẹ̀ síi. Ọkọ ẹ̀gbọ́n dẹ́kun àtẹ́wọ́, ó wá nǹkan dì mú, ọrùn ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn ló rí.

Inú ìgbónára yìí ni Etí-Wúrà ti ṣèèṣì gbá keje òsì. Rọ́bà tó sán yẹn ya láti òkè délẹ̀, omi pupa tó ti ń sùn nínú rẹ̀ láti ìgbà òjò tú jáde, ó sì wẹ aṣọ funfun náà dáadáa. Wáyà inú okùn náà hàn síta, ó ti já lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí irun búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́.

Ìyá Sípánà ti yọ ní yàrá ìkẹ́rùsí.

“Ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín dọ́gba mọ́! Kí oníkálukú rìn bó ṣe mọ̀ ọ́n rìn!”

Ìmọ̀ràn tó dára jù lọ láyé ni. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ọdún mẹ́fà ni Etí-Wúrà fi kọ́ àwọn ọkùnrin wọ̀nyí pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá bá ti ẹnìkejì mu, á kúrò nínú ẹgbẹ́. Wọ́n gbìyànjú láti tú ẹsẹ̀ ká. Gbogbo wọn tú u ká lẹ́ẹ̀kan náà. Afárá fò sókè. Ìyá Sípánà rí i pé ẹ̀kọ́ ti wọ̀ wọ́n lára jù, ló bá ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sì máa rákò bọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí olórí àjọ ọ̀nà àti afárá ìlú ṣe rákò lójú àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn olùkọ́ àti obìnrin ọlọ́sàn nìyẹn, ikùn rẹ̀ ń nu afárá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ máa kan afárá gan-an nìyẹn. Etí-Wúrà ló kẹ́yìn, ó pupa láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ìyá ẹnjiníà béèrè pé ta ló pàṣẹ. Ìyá Sípánà na ìwé tó wà lápò rẹ̀ sí i. Ìyá ẹnjiníà kà á dé ìdí, ó béèrè bóyá orúkọ ènìyàn ni Etí-Wúrà. Ó gbé ẹ̀rọ tó dà bí ọṣẹ yẹn, òun àti Ìyá Sípánà yí ìdí àwọn okùn ká, nígbà tí wọ́n padà dé, ó ní okùn keje ìbá ti já bí wọ́n bá fi ààbọ̀ ìyí kún un. Ó ti afárá náà pa fún oṣù mẹ́jọ. Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan níbẹ̀ àyàfi tí Ìyá Sípánà bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin náà á rò pé ìwé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Etí-Wúrà. Ẹ kò mọ ilé ayé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ pé bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ àbúrò òun, kó máa sun ọ́fíìsì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìwé dé, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí i: wọ́n ti fi í jẹ alábòójútó afárá ẹlẹ́sẹ̀ títí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Iṣẹ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìwé náà lórí ìlà kan. Kó máa dúró lẹ́nu afárá láti aago méje àárọ̀ sí aago méje alẹ́, kó máa sọ fún ará ìlú pé kò sí ọ̀nà.

Ó wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí bàbá arúgbó kan tó ń lọ gba oògùn ojú ní ilé ìwòsàn dé, tó ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀. Etí-Wúrà sọ tirẹ̀ fún un. Bàbá kò gbọ́ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wo òdìkejì odò, ó ronú wákàtí kan tí òun máa fi rìn yí ká, inú bí i.

“Òmùgọ̀ wo ló ba afárá yìí jẹ́?”

Etí-Wúrà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ìyá Sípánà wà lókè òpó, kò lè gbọ́ wọn.

“Wọ́n ti lé e lọ, sà.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìwọ ni wọ́n wá fi rọ́pò rẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Bàbá wò ó tìyanutìyanu, ó ní ojú rẹ̀ jọ ojú ẹni tó lóye. Ó ní kí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an níbẹ̀. Etí-Wúrà tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe, ó gbé àyà síta, ó ní ìjọba ló fi òun síbẹ̀ láti máa sọ fún àwọn ènìyàn pé kò sí ọ̀nà.

Bàbá gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó fi tọ́ka sí pákó gbàǹgbà tí wọ́n kàn dí ẹnu afárá lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ KÒ SÍ Ọ̀NÀ sí.

“Pákó ti ń ṣe ìyẹn, ọmọ mi,” ló wí, ó sì yí padà.